Àjọkẹ́, Kí Ni Ẹyin Ṣe Fún Ọ?

Àjọkẹ́, jókòó. Rárá, má gbé àwo yẹn lọ, fi í síbẹ̀ kí àwa méjèèjì jọ máa wò ó. Kí ni ẹyin ṣe fún ọ tí o fi ṣe é báyìí? Ara wọn ti ya yánnayànna, ìdajì funfun ti bá èèpo lọ sínú ike ìdọ̀tí. Mo la èyí tó kù, àwọ̀ ewé yí pupa rẹ̀ ká. Mo tún ní kí n fi ẹnu kàn án, ó le, ó ń fà léyín. Èyí tí a fẹ́ fi sínú mọ́ín-mọ́ín fún àlejò nìyí?

Láti pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìkòkò yẹn. Omi ń hó gùdù, ẹyin ń forí gbára wọn, ìdérí ń jó, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìròyìn títí tí wọ́n fi ka ìròyìn eré ìdárayá tán. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ tó ti gboyè jáde, tí àwọn èèyàn ń kó owó wọn fún pé kó bá wọn ṣírò, kò yẹ kí n máa tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná. Ó dáa, mo ti dákẹ́ tó.

Máa rẹ́rìn-ín, mo ń wò ọ́. Ká ní ọ̀lẹ ni ọ́, mi ò bá má yọ ara mi lẹ́nu rárá. Tìrẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, tìrẹ ni pé o gbà pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ ṣe ń yá tó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

Omi tó bá ti hó, ó ti hó. Ní Èkó níbí tí ilẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, bí omi bá ti dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò tún ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ nínú ìkòkò tí kì í ṣe onítìpa. O lè yí gáàsì dé òpin, oru ni gbogbo rẹ̀ máa dà, á gba ojú fèrèsé lọ. Ẹyin tó wà nínú omi tó ń hó wẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó wà nínú omi tó ń fò kọjá ẹnu ìkòkò, ooru kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ohun tó yà wọ́n ni pé ọ̀kan jókòó jẹ́ẹ́, èkejì ń lu ìdí ìkòkò títí tó fi sán. Àti pé gáàsì mi ń tán. Ìyẹn náà wà níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ṣé o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà Jos ni? Ìgbà tí o wà lọ́hùn-ún tí o ń ṣe àgùnbánirọ̀, o pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ ti ń gbọ̀n, pé ẹ̀wà ti wà lórí iná láti ìrọ̀lẹ́, kò rọ̀. O ní ẹ̀wà àtijọ́ ni wọ́n tà fún ọ. Mo ṣàlàyé fún ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ebi ló ń pa ọ́, o ò gbọ́ nǹkan kan. Orí òkè ni Jos wà, ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó ń tẹ orí omi ń fúyẹ́ sí i, omi á sì tètè hó láì tí ì gbóná tó ti Èkó. Ní Jos, nǹkan bí 96 ni omi ti ń hó. O rí i tó ń ru, o rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹyin náà máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i níbẹ̀. Ariwo ìkòkò kì í sọ bí omi ṣe gbóná tó.

Ẹyin fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Oúnjẹ méjì ló wà nínú èèpo kan yẹn, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Home Economics, ibí ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ibí bá yé, ìyókù kò ní le fún un. Àwọn ọmọ yẹn náà ń fẹ́ gbọ́, nítorí púpọ̀ nínú wọn ni wọn kì í fún ní ẹyin jẹ nílé. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Ẹ̀yin tí wọ́n wá fún ní ẹyin jẹ láti kékeré, ẹ ò jalè, ẹ ò sì mọ̀ ọ́n sè.

Funfun ẹyin, omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Prótéènì ló pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba tó kù. Nígbà tí ẹyin ṣì wà ní tútù, prótéènì yẹn ká jọ bí òwú tí a ká róbótó róbótó, olúkúlùkù ń léfòó lọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Bí ooru bá kàn wọ́n, òwú á tú, eléyìí á lọ́ mọ́ tọ̀hún, wọ́n á so kọ́ra, omi á há sáàárín wọn. Ìgbà yẹn ni funfun ẹyin ń di funfun lóòótọ́. Bí o bá tètè mú un kúrò, omi yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, ẹyin á rọ̀, á máa dán. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òwú á máa fún ara wọn sí i, wọ́n á fún omi jáde. Ohun tó ń fà léyín mi nìyẹn, Àjọkẹ́. Kì í ṣe ẹyin ló burú.

Gbogbo prótéènì yẹn kì í sì í tú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan nínú funfun ti ń dì láti nǹkan bí 62. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn, tó ju ìdajì lọ, kò ní dáhùn àfi tó bá di nǹkan bí 80. Pupa wà láàárín wọn, ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ki ní 65, ó sì ti dì ní nǹkan bí 70. Wò ó dáadáa. Funfun ló wà níta tí ooru ti ń kọ́kọ́ bá a, òun náà ló sì ń fẹ́ ooru jù. Pupa kò fẹ́ ooru púpọ̀, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ló wà, ó ń pẹ́ kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́dàá mọ ohun tó ń ṣe. Ká ní pupa ló wà níta ni, kò bá sí ẹni tó máa jẹ ẹyin sísè tó dára láyé yìí.

Àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n ní orísun omi gbígbóná kiri ìlú wọn, wọ́n á ri ẹyin sínú èyí tó bá wà ní nǹkan bí 70, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó pẹ́. Bí wọ́n bá fọ́ ọ sínú abọ́, pupa ti ki, ó dúró, funfun ṣì ń ṣàn lára rẹ̀. Onsen tamago lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Má lọ gbé ẹyin lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì o, mo mọ̀ ọ́. Omi orísun tí a ti ẹsẹ̀ bọ̀ níbẹ̀ nígbà tí a lọ yẹn, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò lè se nǹkan kan.

Àwọn ará Ítálì náà tún gbé tiwọn dé. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ernesto Di Maio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Federico II ní Naples tẹ ìwádìí jáde lórí ẹyin sísè. Wọ́n á ki ẹyin bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 2, wọ́n á gbé e sínú omi tó wà ní 30 fún ìṣẹ́jú 2, wọ́n á tún dá a padà sínú èyí tó ń hó, títí ìṣẹ́jú 32 á fi pé. Funfun á máa gbóná, á máa tutù, ṣùgbọ́n pupa tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní mọ gbogbo wàhálà yẹn, á kàn jókòó sí nǹkan bí 67. Wọ́n ní méjèèjì máa ń jinná bó ṣe yẹ kálukú. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró ti ẹyin kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 32, tí yóò máa gbé e wọlé tí yóò máa gbé e jáde, nígbà tí ọmọ ń ké pé òun fẹ́ lọ sílé ìwé? Ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti ṣe é ni.

Tiwa kò ní wàhálà. Jẹ́ kí omi hó kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀. Fi ṣíbí gbé e sọ̀ kalẹ̀, má jù ú, òkò kọ́. Bó bá ti wọlé tán, dín iná kù títí omi á fi máa hó wẹ́ẹ́rẹ́, kí o wá máa ka àkókò. Ní ìṣẹ́jú 6, funfun ti dì, pupa ṣì ń ṣàn. Ní 8, pupa ti ki, àárín rẹ̀ ló ṣì rọ̀. Ní 11 tàbí 12, ó ti jinná délẹ̀. Bó bá jẹ́ inú fíríìjì ló ti ń bọ̀, fi ìṣẹ́jú kan sí i. Bó bá sì pọ̀, má kó gbogbo rẹ̀ rọ́ sínú ìkòkò kékeré kan, torí ẹyin tútù tó pọ̀ á mú omi tutù, wàá wá máa ka àkókò lórí omi tí kò hó. Kò sí ẹyin adìẹ kankan tó ń béèrè fún odindi ìròyìn.

Iyọ̀ tí o bù sínú omi, kí lo fẹ́ kó ṣe? Kò ní wọnú ẹyin lọ dé ibi tí ahọ́n máa mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé, bí ọ̀kan bá sán, funfun tó ń yọ jáde á tètè dì lójú ibi tó ti sán, kò ní tàn ká gbogbo omi. Fún ìyẹn, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹyin tí a kò bá jù, tí a kò sì jẹ́ kó máa lu ìkòkò, kì í sábà sán.

Bíbó rẹ̀ wá ńkọ́? O ní ẹyin burúkú ni wọ́n tà fún ọ nítorí pé èèpo kò fẹ́ kúrò. Òdìkejì ni. Ẹyin yẹn ti tuntun jù. O gba oko adìẹ kọjá láàárọ̀, o rí i pé ó mọ́, ó ń dán, o rà á, o gbé e lé iná lọ́sàn-án. Ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ní irú afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta yìí nínú funfun rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, bí ẹyin bá jinná, funfun á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo. Èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ojú wa kò rí wọn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó ti jáde tó, awọ á jọ̀wọ́ funfun. Ẹyin tuntun, dín in. Ẹyin tó ti lo ọjọ́ díẹ̀ nílé, òun ni kí o sè.

Èkejì ni pé inú omi tútù lo kó o sí kí o tó tan iná. Bí ooru bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, funfun á ráyè lẹ̀ mọ́ awọ kó tó dì. Bí omi gbígbóná bá pàdé rẹ̀ lójijì, á dì kíá, kò ní ráyè. Bó bá sì ti jinná, da omi yẹn nù, kó o sínú omi tútù, bí yìnyín bá wà nílé, fi sí i. Fọ́ ọ láti ìdí tó tóbi, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kóra jọ sí, kí o bó o nínú omi náà. Má fi èékánná ya á. Èékánná rẹ yìí náà, mo ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Omi tútù yẹn kì í ṣe tìtorí bíbó nìkan. Bí o bá gbé ẹyin kúrò lórí iná tí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ooru tó wà nínú rẹ̀ kò tí ì ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ṣì ń sè é. Àwọ̀ ewé tí o rí yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá. Imí ọjọ́ wà nínú funfun ẹyin, irin wà nínú pupa. Bí ooru bá pẹ́ jù, imí ọjọ́ á di gáàsì, ìyẹn lo ṣe ń gbọ́ òórùn yẹn títí dé ẹnu ọ̀nà. Gáàsì yẹn á rìn dé etí pupa, á pàdé irin níbẹ̀, àwọn méjèèjì á di àwọ̀ yẹn. Kì í pa èèyàn, kì í ṣe májèlé, má da ẹyin nù nítorí rẹ̀. Ó kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì pé ẹni tó sè é kò sí nídìí ìkòkò ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹyin tí pupa rẹ̀ ń ṣàn sórí búrẹ́dì, ìwọ náà wá ní irú ẹ̀ lo fẹ́ máa jẹ láàárọ̀. Ìtàn wà nídìí tiwọn. Ní oṣù kejìlá 1988, obìnrin kan tó jẹ́ mínísítà kékeré nílé iṣẹ́ ìlera wọn, Edwina Currie, là á mọ́lẹ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ náà ló ti ní Salmonella. Ọjà ẹyin dojú dé. Kí oṣù náà tó parí, òun náà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n wá ń fún adìẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ kìnnìún sára ẹyin tó bá tẹ̀ lé ìlànà. Ó di 2017 kí àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ wọn tó sọ pé aláboyún, ọmọ kékeré àti àgbàlagbà lè jẹ ẹyin olóǹtẹ̀ kìnnìún láì jinná tán. Ṣé o rí kìnnìún kankan lára èyí tí o rà? Ìwọ, ara rẹ le, mi ò dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tèmi, ti ọmọ rẹ, àti ti ìyàwó àbúrò rẹ tó wà nínú oyún, kí pupa rẹ̀ dì.

Bí o bá fẹ́ rí ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí, lọ wo obìnrin tó ń ta ẹyin sísè ní gáréèjì. Agbada ẹyin lórí, ike ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iyọ̀ nínú ọ̀rá. Kì í bó o dè ọ́. Ìgbà tí o bá na owó jáde látinú ọkọ̀ ló tó máa bó o, ọkọ̀ ń rìn lọ, ó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ti la á, ó ti bu ata sí i, kò sì ní já kù níbì kankan. Èèpo yẹn ló ń bá a ṣọ́ ẹyin lọ́wọ́ eruku àti eṣinṣin. Ṣùgbọ́n má ra èyí tó kù sílẹ̀ lálẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ẹyin tó ti jinná ló máa ń pẹ́ ju tútù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bo ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo ti bá omi lọ nígbà tí a sè é. Nínú ooru yìí, má fi í sílẹ̀ níta ju wákàtí méjì lọ. Nínú fíríìjì, bó bá ṣì wà nínú èèpo, á gbé ọ̀sẹ̀ kan.

Àti pé nínú fíríìjì ọ̀hún, ta ló kó ẹyin sísè àti ẹyin tútù pọ̀ sínú abọ́ kan? Mo fọ́ ọ̀kan fún dídín láàárọ̀, ó le gbá mi lọ́wọ́. Bí o bá ti dà wọ́n pọ̀ tán, gbé wọn sórí tábìlì, fi ìka yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti jinná á máa pòòyì geere, torí odindi ni. Tútù á máa ta gọ́gọ̀gọ́, omi inú rẹ̀ kò tẹ̀ lé èèpo. Dá a dúró pẹ̀lú ìka, kí o tètè jọ̀wọ́ rẹ̀: bó bá jẹ́ ẹyin tútù ni, á tún fẹ́ yí, nítorí omi inú rẹ̀ kò tí ì gbọ́ pé o ní kó dúró.

Èyí tó dùn mí jù ni ti mọ́ín-mọ́ín yìí. Ẹyin tó ń lọ sínú mọ́ín-mọ́ín, ó tún ń padà sórí iná. Á wà nínú ewé pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ fún bí wákàtí kan. O ti kọ́kọ́ sè é kọjá ààlà, o tún fẹ́ lọ sè é lẹ́ẹ̀kejì. Kí ló máa kù níbẹ̀? Èyí tí a bá fẹ́ fi sínú mọ́ín-mọ́ín, ìṣẹ́jú 8 ti tó o, kó ṣáà dúró kí a lè bó o, kí ọ̀bẹ lè gbà á kọjá. Ewé á parí ìyókù. Ti egg roll náà bẹ́ẹ̀, òróró gbígbóná ṣì ń dúró dè é. Àwọn tó ń se ẹlẹ́mìí méje fún òde, tí o ń jẹ tí o ń lá ọwọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Kò sí àṣírí míì níbẹ̀.

Èyí tó wà nínú àwo yìí, rún un sínú ọbẹ̀ ata tó kù, fi alùbọ́sà sí i, a máa fi jẹ iṣu lálẹ́. Nínú ọbẹ̀ pupa, kò sẹ́ni tó máa rí àwọ̀ ewé.

Ó ku tòní. Ẹ̀wà ti wà nínú omi, àlejò ò ní í pẹ́ dé, má wo ojú mi. Lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yin níwájú mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe oko adìẹ o. Bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n kó ti ọwọ́ rẹ̀ dé. Bó bá ní àná, ní kó fún ọ ní kíréètì ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ á dùn, torí òun náà fẹ́ kó tà. Bí o bá dé, kó wọn sínú abọ́ omi. Èyí tó bá sùn sílẹ̀, tuntun ni, kó o sí fíríìjì. Èyí tó bá nàró, tí ìdí rẹ̀ tó tóbi kọjú sókè, òun la ń wá, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó bá léfòó pátápátá, ó ti gbó jù, ó ṣeé ṣe kó ti di òbu, má fọ́ ọ sínú ilé ìdáná mi. Owó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo mọ iye tó ń ta kíréètì, nítorí náà mú ṣéńjì mi bọ̀.